Lẹ́bẹ́ Kékeré Ìtòsí Ìrù

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Tauno fi ra ìwé àṣẹ ìpẹja.
Agolo bisikíìtì ló ń kó wọn sí,
tọdún yìí lórí tèṣí,
títí wọ́n fi nípọn bíi Bíbélì ìyá rẹ̀.
Nínú oṣù kẹta, ó pé àádọ́rin ọdún.
Ìjọba Finland ní: bàbá, ó tó, ẹ má sanwó mọ́,
ẹ máa ju ìwọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Inú bí i.
Ó ti òjò dídì kọjá wá sẹ́nu ọ̀nà mi.
"Rauni, ìwọ ni alábòójútó odò.
Bí o bá dá mi dúró, kí ni n ó fi hàn ọ́?"
Mo ní, ojú yín.
Ó ní ojú òun kì í ṣe ìwé.

Ẹni tí kò mọ odò Kuikkajoki
á rò pé omi lásán ni.
Oṣù kẹsàn-án ń wọlé, a ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀,
torí ẹja ń gòkè lọ yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́,
kò sì sẹ́ni tí í kan ilẹ̀kùn yàrá ìrọbí
láti béèrè oúnjẹ alẹ́.

Ẹja táímẹ̀nì, bí wọ́n ṣe ń pè é níbí,
aláàmì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara:
èyí tí a sìn nínú ọpọ́n, tí a wá dà sódò,
a ti gé lẹ́bẹ́ kékeré kan nítòsí ìrù rẹ̀,
lẹ́bẹ́ tí kò ju èékánná ọmọdé lọ.
Ìyẹn, bó bá ti gùn tó, gbé e lọ sílé.
Èyí tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ pé, ọmọ odò ni. Dá a padà.
Mósè ní ká wo lẹ́bẹ́ ká tó jẹ ẹja.
Níbí, à ń wo lẹ́bẹ́
ká má baà jẹ ẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, oòrùn kọ̀, kò wọ̀,
mo wà lórí afárá onígi pẹ̀lú awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni.
Tauno fa ọ̀kan jáde, ó gùn tó apá rẹ̀ látìgbọ̀nwọ́.
Ó kúnlẹ̀ sómi, ó fìka tọ́ ẹ̀yìn ẹja náà.
Lẹ́bẹ́ pé.
Ṣùgbọ́n ó ti gbé ìwọ̀ mì dé ìjàgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń dà.

Ó dì í mú, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ìṣàn omi,
bí a ti ń ṣe kí èémí lè padà.
Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ti funfun.
Èémí ò padà.
Òkú ni o, ààyè ni o, òfin ní kó padà sómi.
Ọ̀dùnkún sì ti ń hó lórí sítóòfù nílé.

Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì.
N kò ní parọ́ fún yín:
mo yí awò mi kúrò,
mo ń ka igi lódìkejì, mo kà á dé mọ́kàndínlógún,
kó lè ráyè dẹ́ṣẹ̀.

Tútù la ti ń ká ẹja, wọ́n ní gbígbẹ kì í ká.
Mo rí ẹni àádọ́rin ọdún tó ká.
Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ikùn funfun náà ti ń léfòó lọ,
àwọn ẹyẹ etídò ti ń bá ara wọn jà lé e lórí,
Tauno dúró, fìlà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gun afárá, ó bá mi níbẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀. Ó fa ìwé àṣẹ èṣí yọ lápò àyà,
ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi.
Mo kà á tojú tẹ̀yìn,
bí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ rí.
Mo dá a padà.
Mo ní, ó pé.

Ọ̀dùnkún náà ti jóná díẹ̀ nídìí.
Bọ́tà la fi jẹ ẹ́.