Ìparí Tí Tápù Kò Gbà

Ẹ̀rọ fídíò méjì ni Odùfúwà ní,
wáyà dúdú kan ló so wọ́n pọ̀
bí okùn kan ṣe ń so ewúrẹ́ méjì mọ́gi.
Ọ̀kan ń sọ, èkejì ń gbọ́,
èmi ọmọ ọdún mẹ́tàlá jókòó tì wọ́n,
mò ń ṣọ́ iná pupa bíńtín kan.

Òkè-Àgbò ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
lójú ọ̀nà tó lọ sí sọ́míìlì.
Eruku pákó a wọlé, a bà lé ẹ̀rọ lẹ́nu.
Odùfúwà a fi ògógóró nu ẹ̀rọ lórí,
a sì fi èyí tó kù nu ọ̀fun ara rẹ̀.

Alẹ́ Ẹtì ni awakọ̀ gẹdú kan máa ń gbé e dé láti Èkó,
ojúlówó, ẹyọ kan ṣoṣo,
tó ní àwòrán lára páálí.
Bí NẸ́PÀ bá ṣàánú wa,
kó tó di ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ó ti bí ogún ọmọ.
Wọ́n kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ pé
ẹni tó bá dà á kọ, ẹ̀wọ̀n ni.
A máa ń da ìyẹn náà kọ.

Ṣùgbọ́n fíìmù ọ̀hún gùn ju wákàtí kan lọ,
wákàtí kan péré sì ni tápù òfìfo tí Odùfúwà rí rà lọ́pọ̀.
Nítorí náà, gbogbo ìlú ló mọ ibi tó já sí:
alẹ́ ni, òjò ń rọ̀,
ọkọ tí wọ́n ní ó ti kú ń kan ilẹ̀kùn,
ọmọ ọkùnrin mìíràn wà lẹ́yìn ìyàwó,
ọwọ́ ìyàwó wà lára ìdábùú ilẹ̀kùn.
Lẹ́yìn náà, ṣàà, bí ìgbà tí ẹ̀pà ń yan nínú iyanrìn.

Àwọn ará Ojówó ní ó ṣí i, wọ́n sì sunkún mọ́ra wọn.
Jàpárá ní ó gba ojú fèrèsé lọ.
Ní Atíkòrí, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé ọlọ́tí kan lórí ọ̀rọ̀ náà.
Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, tí ọkọ tirẹ̀ bá Jámánì lọ láìbọ̀,
yá tápù náà nígbà mọ́kànlá.
Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ọ̀sán kan, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú báàgì awọ tó ti bó.
Ó dárúkọ fíìmù náà. Náírà márùn-ún, ó san án.
Ó ní ká fi sí i níbẹ̀ kóun wò ó.
Orí páálí mílíìkì ló jókòó lé.
Ojú ìyàwó inú fíìmù ti di àwọ̀ ewé.
“Ìyàwó mi nìyẹn,” ó wí,
bí ẹni ń dárúkọ òkú.

Nígbà tó já, ó ń retí.
Ó retí títí tí Odùfúwà fi wúkọ́.
“Tápù ló tán, ọ̀gá.”

Mo rò pé yóò fọ́ ẹ̀rọ.
Ó ní, “Ilẹ̀ baba mi ni mo tà
fún òjò tó rọ̀ ní ìparí yẹn.
Ọkọ̀ panápaná méjì.
Ẹ jí i, ẹ ò tilẹ̀ jí i tán.”

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ti dé ẹnu ọ̀nà,
tápù lọ́wọ́, nínú láílọ́ọ̀nù.
Ọkùnrin náà yíjú sí i: “Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n?”
Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má sọ ọ́.”
Ó gbé tápù sórí káńtà, ó lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà a tún da mẹ́fà kọ.
Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ kọ́kọ́ dákẹ́, iná pupa kú,
èyí tó ń sọ ń bá a lọ, fún èmi nìkan,
omi ń ṣàn lójú dígí,
ọwọ́ rẹ̀ sì kúrò lára ìdábùú náà.
Láti ọjọ́ yẹn, n kò tíì sọ ibi tó gbé e lọ.