Àkísà Àgbà

Maylis ṣí àpótí irin náà ní Toulouse,
ooru gbá a lójú, awò rẹ̀ di kùrukùru.
Pẹlẹbẹ dúdú mẹ́sàn-án ló tò síbẹ̀,
fọ́nrán èédú tí àtè lẹ̀ pọ̀,
ọmọ oṣù mẹ́rin,
ẹbí apá bàálù.

Wọ́n ní ọmọdé kì í ní àkísà tó àgbà.
Níbí, ooru àti ọ̀rinrin ni wọ́n fi ń rán an fún un:
ogún ọdún òjò
láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan.

Ó gbé ìkẹta lé ìwọ̀n.
Ó ti mu omi, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ń mutí ní kọ̀rọ̀.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà náà ló rí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀,
èyí tí ẹnikẹ́ni kò tì bọ àpótí,
tó sì hunjọ.