Kèrékèré, Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀

Lóru Ọjọ́bọ̀, Moríyíkẹ́ tún jí, ó di orúnkún mú.
"Màámi, ó ń ro mí. Inú lọ́hùn-ún ni, kì í ṣe awọ."
Ìyá àgbà tó wá láti Ọ̀fin fi òrí pa á lẹ́sẹ̀,
ó ní, "Ara ló ń nà. Ẹni tó ń ga kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n lára."
Mo gbé àtùpà sún mọ́ férémù ilẹ̀kùn:
àmì èédú ti Àjíǹde, àmì èédú ti oṣù yìí,
àárín wọn gba ìka méjì, ó lé díẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́,
ní yàrá àyẹ̀wò wa ní Ṣágámù,
níbi tí eruku símẹ́ńtì ti máa ń ṣáájú wa dé orí tábìlì.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípẹ̀ ti gé eegun ẹsẹ̀ òròmọdìẹ
pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ.
Ó kán aró sí i. Ó ní kí n dúró.
Èmi tí mo ń dúró ti ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, ṣé aró ni mi ò ní dúró tì?
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ogún.
Níbi tí ẹ́ńsáìmù bá ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni yóò dú;
ibi tó bá ti ń sùn, a funfun bí ẹ̀kọ.

Mo fojú lé awò.
Lókè, àwọn sẹ́ẹ̀lì jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò kánjú,
bí àgbààgbà tí ìpàdé kò tíì bẹ̀rẹ̀.
Nísàlẹ̀ wọn, ọ̀kan pín, ó di méjì,
méjì pín, wọ́n di mẹ́rin,
wọ́n tò léra wọn bí abọ́ tánganran lórí pẹpẹ ìyàwó tuntun.
Bí wọ́n ṣe ń tò ni ẹsẹ̀ ń gùn.
Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n wú bí ẹ̀wà inú omi,
ibẹ̀ ni aró ti dú bí ìdí ìkòkò:
ẹ́ńsáìmù kò jókòó, ó ń pe ẹfun wá dí àlàfo,
ó ń po símẹ́ńtì tí ọkọ̀ akẹ́rù kankan kò gbé wá.
Àwọn tó wú kú síbẹ̀.
Yàrá tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọ ibẹ̀, eegun tẹ̀ lé e,
kò sẹ́ni tó gba owó ilé.

"Kí lo rí?"
Mo ní, "Mo rí ohun tó ń jí ọmọ mi lóru."
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé kò tíì fìdí ìyẹn múlẹ̀,
ìrora òru ọmọdé, kò sẹ́ni tó mọ ilé bàbá rẹ̀.
Mo gbà. Mo kọ ohun tí mo rí, mi ò kọ ohun tí mo rò.

Ṣùgbọ́n kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, kèrékèré,
kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lo fi ń di eegun tí ẹnìkan ò gbọ́.
Òròmọdìẹ yẹn kò sì ní ga mọ́.

Nírọ̀lẹ́, mo bá Moríyíkẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn,
èédú lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọrùn,
ó gbé gìgísẹ̀ sókè, ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ.
"Sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀."
Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fa ìlà.
Ó ju ti àná lọ, tàbí ojú mi ni.