Ìtàn Ẹ̀yìn Ìwé

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ ìgò,
kí n po ṣúgà mọ́ omi fún akọ ẹ̀fọn,
torí abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, òun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀,
kí n sì gbọ́n tanwíji nínú gọ́tà Ìwáyà
wá sí Yábàá, kí oòrùn tó sè wọ́n.

Dókítà Ìbíyẹmí ló ń kà wọ́n.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, bí ẹni ń ka owó olówó.
Bí iye kò bá bára mu, a ó tún un kà.
Ojú mi ló ṣe tí ọ̀gá àgbà ní kó pe mọ́kàndínlógún ní ogún.
Ó ní, "Ogún ò sí níbẹ̀, sà."
Owó ìwádìí ọdún yẹn bá omi lọ.

Obìnrin yìí kan náà ni o,
tí iná bá ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó,
á yí ẹ̀yìn ìwé èsì ìdánwò síta,
á máa fi bírò pupa kọ ohun tí ojú kò rí rí:
Èkó tó léfòó, tí wọ́n fi okùn so mọ́ Ìkòròdú kó má baà ṣí lọ;
ọmọdébìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó tó gbọ́ èdè kòkòrò,
tó wá mọ̀ pé ẹjọ́ ni wọ́n ń rò lóru, wọn kò kọrin;
ọkùnrin tó ra ọ̀sán Sátidé kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn,
tó gbàgbé láti béèrè ẹni tó kú sínú rẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà.
Ibi tó bá fi ìṣirò sí, mo fò ó.

Mo bi í lọ́jọ́ kan:
"Dókítà, ẹ̀yin tí ẹ kì í parọ́ ẹ̀fọn ẹyọ kan,
báwo lẹ ṣe ń parọ́ odidi ìlú?"
Ó fi etí ẹ̀wù funfun nu awò ojú rẹ̀.
"Húnsù, níbí, ohun tí mo rí ni mò ń sọ.
Lọ́hùn-ún, ohun tí ẹ̀rù ń bà mí láti fẹ́."
N kò fèsì. Ìgò ṣì wà nílẹ̀.

Ó wá ku ìtàn kan.
Abẹ́ àwo tanwíji ni mo ti bá a, omi ti mu etí rẹ̀.
Ọdún ibẹ̀ jìnnà, ọmọ ọmọ wa ti di babańlá èèyàn.
Ẹ̀fọn ti tán láyé. Ẹyọ kan ló kù,
nínú dígí, ní ilé ohun àtijọ́ ní Oníkan.
Ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan fi imú ti dígí náà,
ó ní, "Eléyìí náà ni? Ó mà kéré o."
Mautin lorúkọ rẹ̀.

Mautin.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dárúkọ ọmọ mi fún un,
lọ́jọ́ tí mo tọrọ ààyè kí n lọ sin ín.
Òjò oṣù keje. Ọ̀sà kún dé abẹ́ pákó ilé wa ní Mákòkó.
Ibà ọjọ́ mẹ́ta.

Mo dojú korobá dé, mo jókòó lé e.
Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Obìnrin tí ń ka nǹkan ni,
kò lè ṣe kó má ka ohun tó dín:
àdán ń já bọ́ láti orí igi,
ẹja wẹ́wẹ́ kò rí tanwíji jẹ,
apẹja ń gbọn àwọ̀n òfìfo,
Mautin sì ń bi ìyá rẹ̀ ìdí tí òru fi dákẹ́ tó báyìí.
Níbẹ̀ ni bírò ti dúró.

Mo wá pẹ́ńsù nínú àpò mi. Ọwọ́ mi kò dára,
mo ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí ó dàgbà. Ẹ wá oúnjẹ mìíràn fún àdán.
Mo dá ìwé padà sábẹ́ àwo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ka tanwíji.
Igba ó lé mẹ́tàlá.
Ó wò mí díẹ̀. Ó ní ká tún un kà.