Ikọ́ Inú Àwo

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí mo bá jáde iṣẹ́ ní Wẹ́sílì,
n kì í tètè délé.
Mo máa ń yà l'Ókèsà, ní ṣọ́ọ̀bù Fámúrewà alágogo,
níbi tí aago mẹ́tàdínlógún ti ń sọ àkókò mẹ́tàdínlógún
láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n.
Àga onírin mẹ́rin. Àpótí bíà kan.
Gìrámáfóònù tí wọ́n fi okùn bàtà so lọ́rùn,
àti jáàsì.
Orí àpótí ni Ìbídàpọ̀ ń jókòó, bí àga kan tilẹ̀ ṣófo.

Bí ẹni tó ń kọjá bá bèèrè orin tí ò lọ́rọ̀ nínú,
Màmá Jẹ́gẹ́dẹ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, á ní:
"Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nílé mi ni mo ṣe wá síbí."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìbídàpọ̀ wọlé, òjò ń kán létí fìlà rẹ̀,
ó gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀wù bí ẹni tó jí adìyẹ.
Àdétí ló ti rí i:
obìnrin kan fi dé ìkòkò ògì.
Ẹ̀yin tí ẹ ń sẹ́ yanrìn n'Ítagúnmódì nítorí wúrà,
ẹ ò mọ̀ pé èyí tó dúdú ń bẹ lórí ògì.
Ó ní òun lóṣòó tì í bí òṣómàáló,
òun ò dìde àfi ìgbà tó tà á:
ẹgbẹ̀rin náírà, pẹ̀lú ọmọrí tuntun.

Fámúrewà fi òwú wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Àárín rẹ̀ ti pá; orúkọ ti bá ògì lọ.
Ta ló fọn ọ́n?
Fámúrewà ní ará Amẹ́ríkà ni.
Ìbídàpọ̀ ní rárá, ìlú oníyìnyín ni,
ẹ gbọ́ bí fèrè ṣe ń ṣọ́ ẹsẹ̀ gbé.
Màmá ní ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ oníduùrù,
ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu fèrè bí àbúrò ọkọ.
Bá a ṣe ń gbọ́ là ń sọ ti iye gáàsì,
ti eyín Màmá tí wọ́n fẹ́ yọ,
ti ọkọ̀ tó ṣubú lọ́nà Ìwáràjà.
Ta ló tiẹ̀ jẹ ẹ̀pà tí mo gbé síhìn-ín?

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan húkọ́.
Inú àwo ni.
Fèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ mí, duùrù ò tíì gbà á;
ẹnì kan nínú òkùnkùn ìlú tí a ò mọ̀
húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ẹ̀kẹta mì.

Mo ní, "Ẹ dá a padà."
Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mọ́kànlélógún,
mo mọ ikọ́ bí ẹ ṣe mọ fèrè.
Èyí kì í ṣe ti òtútù. Kì í ṣe ti sìgá.
Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni, omi ti wà níbẹ̀.
Kò yẹ kó jáde nílé lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó mọ̀. Ó wọ ẹ̀wù, ó jáde.

Ẹnikẹ́ni ò wo àga tó ṣófo.
Nígbà ọyẹ́ èṣí, Fápohùnda sá kúrò ní wọ́ọ̀dù mi,
pílásítà ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀,
ó wá jókòó síbẹ̀ nítorí àwo kan ṣoṣo.
Mo bú u níwájú gbogbo wọn.
Ó ní kí n rọra, òun ò gbọ́ báàsì mọ́.

NẸ́PÀ mú iná lọ.
Àwo náà ò kú lẹ́ẹ̀kan:
fèrè ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ó di màlúù tó ń sùn.
Fámúrewà ò tan àtùpà.
Ó fi ìka kan yí àwo, ìka tó ń to aago,
àwa mẹ́rin sì fi etí ti abẹ́rẹ́,
orí kan orí, òórùn róbù lára Màmá,
ohùn náà kéré bí ẹfọn nínú ìgò.
Ikọ́ náà tún dé. Ó fà, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́.
"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Màmá wí.

Ìgbà tó yá, Ìbídàpọ̀ nínú òkùnkùn:
"Obìnrin ológì yẹn, ó ní òmíràn wà nílé.
Ó fi ń lé eṣinṣin."