Bèbè Solveig

Ọgbọ̀n ọdún ni Torvald fi fá bèbè adágún yẹn,
ní àríwá Minisóta,
bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun.
Òkúta tó tò sẹ́nu omi jókòó gbagidi.
Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á di àwọ̀ ewé,
á máa rùn bí ọbẹ̀ àná.

Ó kú nígbà tí yìnyín bo adágún mọ́lẹ̀.
Yìnyín yọ́. Solveig gbé ọ̀pá irin,
ó ń hú òkúta ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ń bẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kó má bínú.
Ó gbin làbẹ̀làbẹ̀, ó gbin eèsún,
ó ti ẹ̀rọ ìgékoríko mọ́ inú àká.

Gunnar yọjú lójú ọgbà:
"Ṣé kò sí? Ilẹ̀ yín mà ń di igbó."
"Ó ń padà di ara rẹ̀ ni."

Ọdún kìíní, ẹ̀fọn nìkan ló wá kí i.
Ọdún kejì, àkèré kan ké lóru;
ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì,
ó ń retí èkejì.

Òkúta kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀.
Lówùúrọ̀ yìí, ahun omi kan ń yá oòrùn lórí rẹ̀.
"Torvald," ló wí, "o ní àlejò."