Ọdún Kan ní Mátísíyà

Ìṣirò ló yẹ kí Ọ̀gá Námbíà kọ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà.
Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ti la ètè gbogbo kíláàsì.
Ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ ti Mátísíyà,
ìjọba kan ní Íńdíà àtijọ́. Ẹja ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀."
Ọláòṣebìkan bi í bóyá ẹja yíyan ni.

Ó ní ọmọ ọba márùn-ún, tí tẹ́tẹ́ gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ wọn,
sá wọ ibẹ̀, ọdún kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.
Wọ́n di ọfà àti idà wọn bí ẹni di òkú,
wọ́n gbé e kọ́ igi lẹ́yìn ìlú.
Ta ni yóò fọwọ́ kan òkú olókùú?
Ọ̀kan ń da màlúù. Ọ̀kan ń fọ ẹsẹ̀ ẹṣin.
Tafàtafà inú wọn kó ẹ̀gbà sọ́wọ́,
ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ijó.
Èyí tó lágbára jù wọ ilé ìdáná ọba,
ó ń la igi, ó ń fẹ́ná, ojú rẹ̀ ń pọ́n.

Ni mo bá rántí Àdìgún, alásè wa.
Oríkì nìkan la mọ̀, a ò gbọ́ orúkọ.
Wọ́n ní ìjà oyè ló lé e kúrò ní ìlú kan tí kì í dá,
òun àti àpò kan tí kò tú rí.
Òkè àjà ilé ìdáná ló gbé e sí, èéfín ń kùn ún.
Bí ọ̀gá àgbà bá ń kọjá,
Àdìgún á kàn tẹrí díẹ̀,
bí ẹni tí adé ṣì ń wúwo fún.

Lóṣù kejì, iná jó oko kajú, ó kọjú sí ibùsùn wa.
A ń sá kiri bí òròmọdìẹ tó rí àṣá.
Àdìgún jáde tòun ti ọmọrogùn:
"Ẹ dúró!"
Ọ̀gá àgbà pàápàá dúró.
Ó pín wa sọ́tùn-ún, ó pín wa sósì,
ewé tútù lọ́wọ́ gbogbo wa,
títí iná fi kú sídìí máńgòrò.
Lẹ́yìn náà ló padà lọ ro ọkà wa. Ó kanlẹ̀ díẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a ò rí i.
Ẹnìkan ní òun rí i ní Tákìé, ó ń wọ mọ́tò Ìgbẹ́tì.
Lókè àjà, ojú ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀
funfun láàárín èéfín.

Ọ̀gá Námbíà wá wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún.
Ọmọdé ni mí, n ò mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í:
Ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ la òkun kọjá wá kọ́ wa ní ìṣirò,
kí lẹ dì bí òkú,
tí ẹ gbé kọ́ igi nílé?